Kí Èrò Tó Dé Là Ń Tún Ilé Ṣe

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa l'Aradagun, ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí owó bébà wọ́n bí imí eégún. Gbogbo ènìyàn dà bo íntánẹ́ẹ̀tì àwọn báńkì lẹ́ẹ̀kan náà. Fóònù oníbàárà ní owó ti lọ, ti ọlọ́jà ní kò tíì dé. Ìjà sì bẹ̀rẹ̀.

Kí tiwa má baà rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá ṣí ẹ̀yáwó, a ti ní kí oníṣẹ́ kọ́kọ́ fi èrò púpọ̀ dán ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ wò, kó dín àwòrán kù, kó sì háyà ààyè tó ṣe é fẹ̀ sí i. Ìwé àkọsílẹ̀ ńlá wa ṣì wà lórí tábìlì o: bí ẹ̀rọ bá kọ̀, bírò kò ní kọ̀.