Kíkó Àwọn Ọmọdé Kúrò ní Ìlú Ńlá Nígbà Ogun

Àwọn àgbà a máa sọ pé ọmọdé kò mọ ogun, ó ní kí ogun ó wá. Ó ní bí ogun bá dé, òun yóò sá wọ yàrá ìyá òun. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Sẹ́tẹ́ńbà, ọdún 1939, òdìkejì ọ̀rọ̀ yìí ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ fún àwọn ọmọ Lọ́ńdọ̀nù, Manchester, Liverpool àti àwọn ìlú ńlá mìíràn. Wọ́n ní yàrá ìyá gan-an ni ewu wà, nítorí bọ́ǹbù tí ń ti ojú ọ̀run bọ̀ kò mọ yàrá yàtọ̀ sí ojúde. Ní ọjọ́ kẹta oṣù náà ni Gẹ̀ẹ́sì kéde ogun sí Jámánì.

Láàrin ọjọ́ mélòó kan, nǹkan bí mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ènìyàn ni a fi rélùwéè àti bọ́ọ̀sì kó lọ sí ìgbèríko. Ó lé ní 800,000 nínú wọn tí ó jẹ́ ọmọ ilé-ìwé, tí wọ́n bá olùkọ́ wọn lọ láìsí bàbá tàbí ìyá. Olúkúlùkù wọn so páálí tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí mọ́ aṣọ, ó sì gbé ìbòjú tí a fi ń dènà afẹ́fẹ́ olóró kọ́ èjìká. Ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ ibi tí ọmọ wọn yóò sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n dé abúlé, a tò wọ́n sínú gbọ̀ngàn, àwọn onílé sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n. Ọmọkùnrin tí ó lágbára iṣẹ́ oko àti ọmọbìnrin tí ó mọ́ tónítóní ni wọ́n ń kọ́kọ́ mú. A sì ya ọmọ ìyá kan náà nípá nígbà mìíràn. Èmi kò rí ohun tí ó lè dun ọmọdé ju kí ó dúró síbẹ̀ títí, kí gbogbo ènìyàn máa fojú fò ó. Ìjọba ń san ṣílè mẹ́wàá àti sísì lọ́sẹ̀ fún onílé tí ó bá gba ọmọ kan ṣoṣo.

Ǹjẹ́ ètò yìí yọrí sí rere? Bí ó bá ṣe ti ìrìn-àjò nìkan ni, ó yẹ kí a yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ni ìjọba ti múra sílẹ̀ fún, àwọn tí ó lọ kò sì tó ìdajì. Nígbà tí bọ́ǹbù kò tètè dé, àárò ilé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọmọ àti òbí. Nígbà tí yóò fi di oṣù Jánúárì 1940, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn ọmọ ilé-ìwé náà tí ó ti padà. Ní ọjọ́ keje oṣù Sẹ́tẹ́ńbà ọdún náà ni Jámánì wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀jò bọ́ǹbù lé Lọ́ńdọ̀nù lórí, fún òru 57 léraléra. Ó di dandan kí a tún máa kó ọmọ jáde.

Àwọn kan tilẹ̀ gba orí òkun lọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù Sẹ́tẹ́ńbà 1940, àwọn Jámánì ri ọkọ̀ City of Benares, tí ó ń gbé ọmọ 90 lọ sí Kánádà. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rin nínú wọn ni ó kú, ìjọba sì dá irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ dúró.

Ọ̀ràn ọkàn ni ó ṣòro jù láti wọ̀n. Láti oṣù Dìsẹ́ńbà 1939 ni John Bowlby, Donald Winnicott àti ẹnìkejì wọn kan ti kìlọ̀ nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn pé yíya ọmọ kékeré kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ léwu. Anna Freud, tí ó ń tọ́jú ọmọ ní Hampstead nígbà ogun, rí i pé ìyapa yìí a máa ba ọmọ kékeré lọ́kàn jẹ́ ju ariwo bọ́ǹbù lọ. Àwọn onílé ń ráhùn pé ọmọ ìlú ń tọ̀ sórí ibùsùn, wọ́n sì dá àwọn ìyá lẹ́bi pé wọn kò kọ́ wọn. Ẹ̀rù àti àárò ni ó ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Síbẹ̀, àwọn mìíràn bọ́ sí ọwọ́ rere, tí wọn kò gbàgbé àwọn alágbàtọ́ wọn títí wọ́n fi dàgbà.

Àwọn ọmọ tí bọ́ǹbù pa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lé ní 7,000. Kò sí ẹni tí ó lè ka iye àwọn tí ìbá kún wọn bí wọ́n bá dúró sílé. Nígbà tí ogun parí ní 1945, ọmọ tí ó lọ ní ọdún márùn-ún ti di ọmọ ọdún mọ́kànlá. Òun àti ìyá rẹ̀ ní láti tún ara wọn mọ̀. Àwọn mìíràn kò sì bá ilé mọ́, tàbí kí wọ́n má bá òbí.