Pavlov ní Ìdíkọ̀ Orè: Bí Ara Ṣe Ń Kọ́ Ẹ̀rù

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ láti Èkó lọ sí Benin rí á mọ Orè. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti máa ń dúró kí èrò lè jẹun, kí wọ́n sì nasẹ̀. Bí awakọ̀ bá ti ń dẹwọ́ eré, tí àwọn tó ń kiri ìpékeré àti búrẹ́dì ń sáré bọ̀, itọ́ á ti máa sun lẹ́nu èrò tí kò tíì gbọ́ òórùn oúnjẹ kankan.

Ivan Pavlov, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà, ṣàlàyé irú èyí. Bí ajá bá rí oúnjẹ, itọ́ á sun lẹ́nu rẹ̀. Pavlov wá ń jẹ́ kí ajá gbọ́ ìró kan kó tó fún un lóúnjẹ. Nígbà tó yá, ìró yẹn nìkan ti tó. Ohun méjì tó máa ń tẹ̀lé ara wọn ni ara ajá so pọ̀.

Ọ̀nà yìí náà ni ẹ̀rù ń gbà wọlé. Ní 1920, John Watson àti Rosalie Rayner ní Amẹ́ríkà fi eku funfun han ọmọ ọwọ́ kan tí wọ́n pè ní Albert. Bó bá ti fẹ́ fọwọ́ kàn án, wọ́n á lu irin gbàgà lẹ́yìn rẹ̀. Kò pẹ́ tí Albert fi ń sunkún bó bá ti rí eku. Ẹ̀rù ehoro àti ajá tún ń bà á. Òwe wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ẹ tún wo gírámà wa. “Ẹ̀rù bà mí” là ń wí: ẹ̀rù ni olùwà, èmi ni àbọ̀. Ẹni tó bá ti ní ìjàǹbá ọkọ̀ láàárín Orè àti Odìgbó lè máa làágùn bó bá gbọ́ ìró bíréèkì nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ojo kọ́ ni, ayé kọ́ ló sì ń ṣe é. Ara rẹ̀ ló kọ́ ẹ̀kọ́ kan.

Ara sì lè kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn. Ní 1924, Mary Cover Jones kọ̀wé nípa Peter, ọmọ kékeré tí ẹ̀rù ehoro ń bà. Bí Peter bá ń jẹ ohun tó fẹ́ràn, wọ́n á gbé ehoro sí òkèèrè, wọ́n á máa sún un mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, títí Peter fi ń fọwọ́ pa á lára.

Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ yín kò bá fẹ́ wọ ọkọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìjàǹbá, ẹ má fi ṣe ẹlẹ́yà, ẹ má sì tì í sínú ọkọ̀ alẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bá a wọ ọkọ̀ lọ sí ìtòsí lọ́sàn-án. Bí ẹ̀rù náà kò bá lọ, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ agbaninímọ̀ràn tàbí dókítà.