Lẹ́yìn Tí A Bá Sọ̀kalẹ̀ Láti Orí Òkè, Níbo Ni A Ó Ti Jẹun?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé ni, ó sì kan tọmọdé tàgbà. Nígbà tí ìsinmi bá dé, tí àwọn ọmọ bá gba àyè ní ilé ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé ni ó máa ń lọ wo àwọn òkè ńláńlá ilẹ̀ wa. Wọn a múra bàtà, wọn a múra fìlà, wọn a sì múra ẹ̀rọ tí a fi ń ya àwòrán. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọn kì í sábà rò tẹ́lẹ̀, èyí ni ibi tí wọn yóò ti jẹun nígbà tí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn àgbà wa ti wí pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn tún wọ̀ ọ́.

A kì yóò sọ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé àwa kò ṣi ẹsẹ̀ gbé rí. Àṣìṣe tiwa gan-an ni a fẹ́ fi ṣe ẹ̀kọ́ fún ẹlòmíràn.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní àsìkò ọdún Àjíǹde, àwa àti ìyàwó wa, àwọn ọmọ wa mẹ́ta, àti àbúrò ìyá wa kan tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, dìde láti lọ wo Òkè Ìdànrè. Ẹni tí kò bá tí ì dé ibẹ̀ yóò fẹ́ mọ̀ pé Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Ìdànrè wà, kò tó 30 kìlómítà sí Àkúrẹ́. Ìlú kòkó ni. Orí òkè náà gan-an ni ìlú àtijọ́ wà, kí àwọn ènìyàn rẹ̀ tó sọ̀kalẹ̀ wá tẹ̀dó sí ìsàlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Àtẹ̀gùn tí ó ju 600 lọ ni a ń gùn kí a tó dé ibẹ̀. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ilé ẹjọ́ àtijọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ sì wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò wọ́n. Ní ọdún 2007, a fi orúkọ òkè náà sínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé.

Agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni a bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Búrẹ́dì àti tíì díẹ̀ ni a ti fi panu ní Àkúrẹ́ láti agogo mẹ́fà, ìgò omi mẹ́ta péré ni a sì gbé dání fún ènìyàn mẹ́fà. A gùn, a sinmi, a tún gùn. Nígbà tí a dé òkè, afẹ́fẹ́ tútù fẹ́ sí wa lára, a rí òrùlé ìlú ìsàlẹ̀ bí ẹní tí a tẹ́ sílẹ̀, inú gbogbo wa sì dùn. Àbúrò ìyá wa rin gbogbo rẹ̀, kò kùn. Ó di agogo méjì ọ̀sán kí ẹsẹ̀ wa tó tún kan ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀. Omi ti tán nígbà náà.

Kò jìnnà sí ìsàlẹ̀ òkè ni obìnrin kan wà lábẹ́ àtíbàbà onípákó, odó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èéfín sì ń rú lójú ààrò rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí wa, ó ní, “Ẹ kú àtisọ̀kalẹ̀ o! Ẹ yà wá jẹun. Iṣu ti jinná, a fẹ́ gún un báyìí.” Ọmọ wa kékeré, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ti kọrí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa wo bẹ́ǹṣì rẹ̀, a wo pákó rẹ̀, a wo ilẹ̀ oníyanrìn tí ó wà níbẹ̀, a sì wí nínú ọkàn wa pé irú ibẹ̀ kò yẹ irú wa. A dá a lóhùn pé a ti ní ibi tí a ń lọ. Irọ́ ni, a kò ní ibì kankan. A kàn gbà pé bí a bá dé Àkúrẹ́, a kò ní ṣàì rí ilé ìtura kan tí a tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì rẹ̀.

A rí i lóòótọ́. Àga ibẹ̀ dẹ̀ bí tìmùtìmù, ẹ̀rọ amúlétutù sì ń fẹ́. Ẹni tí ó gbọ́ ohun tí a fẹ́ jẹ kọ ọ́ sínú ìwé pélébé, ó ní kò ní pẹ́. Wákàtí kan kọjá. A béèrè, ó ní ó kù díẹ̀. Ìdajì wákàtí tún kọjá, ó wá ní ẹni tí ń se oúnjẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé ni. Ọmọ wa tí ó ti ń sunkún láti ọ̀nà kò sunkún mọ́, èyí gan-an ni ó sì kọ́kọ́ bà wá lẹ́rù. Òógùn tútù bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. A pè é, ó la ojú, ṣùgbọ́n kò dáhùn.

Àbúrò ìyá wa kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó pe ọmọbìnrin kan tí ń kiri ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀, ó ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó sì wọlé padà. Ó gbé ọmọ náà jókòó, ó ń fún un mu díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ó rí i pé ó ń gbé e mì dáadáa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu ọ̀lẹ̀lẹ̀ sí i lẹ́nu. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ojú ọmọ náà wálẹ̀, ó sì béèrè bóyá ọ̀lẹ̀lẹ̀ mìíràn wà. Nígbà náà ni ìyá àgbà yíjú sí wa, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, iyán gbígbóná wà nílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ ń wá tábìlì kiri. Ṣé tábìlì ni ọmọ yín fẹ́ jẹ ni?”

A kò rí èsì fọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí, a sì ti gun òkè mìíràn. Ohun tí a rí nìyí.

Èkíní, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí òkè ń gbà lára wa. Bí a ti ń gun òkè, agbára tí oúnjẹ ti fi pamọ́ sínú ẹran ara àti sínú ẹ̀dọ̀ ni à ń ná. Bí a sì ti ń làágùn, omi àti iyọ̀ ń jáde. Ìpamọ́ ọmọdé kò tó ti àgbàlagbà, nítorí náà òun ni ó kọ́kọ́ ń rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti sọ̀kalẹ̀, kí ó kọ́kọ́ mu omi díẹ̀díẹ̀, kí ó tó jẹun. Lẹ́yìn èyí, oúnjẹ tí ó ní iṣu tàbí ìrẹsì tàbí ẹ̀bà, pẹ̀lú ẹ̀wà tàbí ẹran tàbí ẹja, àti ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ dára, ni ó tún ara ṣe. Ẹmu kì í ṣe omi, ọtí kò sì lè dí àyè òógùn. Kí a má sì kó ọmọ gun òkè lórí búrẹ́dì lásán, bí àwa ti ṣe.

Èkejì, kí a béèrè kí a tó gùn. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àwọn afinimọ̀nà tí ń mú àlejò gun òkè, àti àwọn awakọ̀ tí ń dúró nísàlẹ̀, mọ ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ dára, nítorí níbẹ̀ ni àwọn fúnra wọn ti ń jẹ. Kí a tọ olóúnjẹ náà lọ ní òwúrọ̀, kí a sọ iye ènìyàn tí a jẹ́ àti àkókò tí a ó sọ̀kalẹ̀, kí a sì fi owó díẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ẹni tí í gún iyán de àlejò tí kò mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ẹni tí a bá ti bá sọ̀rọ̀ yóò bẹ iṣu rẹ̀ sílẹ̀, odó rẹ̀ yóò sì ti máa dún nígbà tí a bá ku àtẹ̀gùn díẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí a mọ àmì ibi tí ó dára. Kì í ṣe aṣọ tábìlì. Ẹ wò bóyá ọbẹ̀ wà lórí iná tí ó ń hó, nítorí oúnjẹ gbígbóná ni ó ní ààbò jù. Ẹ wò bóyá omi àti ọṣẹ wà fún ọwọ́ fífọ̀, bóyá omi tí a fi ń ṣan abọ́ mọ́, bóyá a bo gààrí àti ẹran kí eṣinṣin àti eku má baà dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ eku yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ mọ̀ ní ọdún 1969 ní ìlú Lassa ní Ìpínlẹ̀ Borno, jẹ́ àìsàn tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó ń bá jà, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ni ó sì ń gbé e dé inú oúnjẹ tí a kò bò. Pákó kì í pa ènìyàn, ṣùgbọ́n oúnjẹ ṣíṣí sílẹ̀ lè pa á.

Ẹ̀kẹrin, kí a mú owó lọ́wọ́, nítorí kì í ṣe gbogbo olóúnjẹ ni ó ń gba owó láti orí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Kí a béèrè iye owó kí a tó jókòó, kí a sì san án láìsí àríyànjiyàn. Ẹni tí ó ra bàtà olówó ńlá láti fi gun òkè, kí ó má ṣe fa owó òkèlè kan mọ́ opó lọ́wọ́.

Òkè kọ̀ọ̀kan ni ó ní oúnjẹ tirẹ̀. Ní Ìdànrè àti gbogbo agbègbè Oǹdó àti Èkìtì, iyán ni ọba oúnjẹ. Ní Abẹ́òkúta, ẹni tí ó sọ̀kalẹ̀ láti orí Òlúmọ kò ní rìn jìnnà kí ó tó rí láfún, tàbí ìrẹsì Ọ̀fàdà tí a fi ewé dì pẹ̀lú ọbẹ̀ ata. Ní Adó-Àwáyè, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí adágún omi Ìyákẹ́ wà lórí òkè, àmàlà ni kí a béèrè. Ṣùgbọ́n ìlú kékeré ni, nítorí náà kí a gbé ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ dání láti ilé.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, a padà sí Ìdànrè. Ní òwúrọ̀, kí a tó fi ẹsẹ̀ kan àtẹ̀gùn, a lọ bá obìnrin náà lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀, a ní ènìyàn mẹ́fà ni wá, a ó sì sọ̀ ní agogo kan. Kò rántí wa rárá. Ọ̀pọ̀ àlejò ni ó ń kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwa ni a rántí rẹ̀. Nígbà tí a dé, ó bu omi àti ọṣẹ fún wa, iyán funfun wà nínú abọ́, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹ̀fọ́ ń tú èéfín. Ọmọ wa ni ó kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀ ọ́. Àbúrò ìyá wa jókòó lórí bẹ́ǹṣì náà, ó wo ojú wa, kò sọ ohunkóhun, ó kàn tún bu òkèlè mìíràn.