Ìgbín Tí Wọ́n Sọ ní George

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tí ó bá ti sin ìgbín rí nínú wa mọ̀ pé a kì í wá akọ fún abo. Akọ àti abo ń bẹ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ìgbín kan báyìí wà ní erékùṣù Oahu ní Hawaii, kékeré ni, orí igi ni ìran rẹ̀ ń gbé. Nínú ìtàn àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, ìgbín orí igi a máa kọrin nínú igbó. Ní 1936, àwọn kan kó ìgbín ńlá ti ìlà-oòrùn Áfíríkà wọ Hawaii (kì í ṣe tiwa o!), ó sì di ajẹko. Ní 1955, wọ́n tún lọ kó ìgbín mìíràn tí ń jẹ ìgbín wá láti kápá rẹ̀. Kàkà kí ó dojú kọ àlejò, onílé ni ó ń pa jẹ.

Nígbà tí ó di 1997, mẹ́wàá péré ni wọ́n rí kó lọ sí yunifásítì fún ìtọ́jú. Wọ́n bímọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ikú mú wọn tán, ó ku ẹyọ kan. Wọ́n sọ ọ́ ní George, wọ́n sì ń pè é ní ọkùnrin.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá, àwa tí a ń fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé jìnnà sílé. Nínú èdè wa, “ó” ti tó. Àmọ́ kí a má yangàn jù: àwa náà ni a fẹ́ Yánníbo fún Ìjàpá nínú àlọ́. Àwọn onímọ̀ kan wà, títí kan àwọn tí ìfẹ́ tàbí ìrísí tiwọn kò bá ti ọ̀pọ̀ ènìyàn mu, tí wọ́n ń sọ pé kí a yé fi ilé ọkọ àti aya wa díwọ̀n ẹranko. Catriona Mortimer-Sandilands àti Bruce Erickson ṣàkójọ irú èrò bẹ́ẹ̀ sínú ìwé Queer Ecologies ní 2010.

Ẹni tí ó gbọ́ “ọkùnrin” á rò pé ìyàwó ni George ń wá. Rárá o. Kò lè dá bímọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àgbà èyíkéyìí nínú ìran rẹ̀ ì bá ṣe é. Ẹyọ kan péré! Kò sì sí.

Síbẹ̀, n kò ní kí wọ́n má sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ yẹn ni ó gbé ìròyìn ikú rẹ̀ káàkiri ayé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2019, nígbà tí ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 14. Ní 2017, wọ́n ti gé ẹran bíńtín lára ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí San Diego pé kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú òtútù.