Bí Ajílẹ̀ Oko Ṣe Ń Pa Ẹja Inú Òkun

Bí a bá pín afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká sí ọ̀nà 100, bí 78 nínú rẹ̀ ni ó jẹ́ náítírójìn. Kò sí ohun ọ̀gbìn tí ó lè dàgbà láìsí i, síbẹ̀ wọn kò lè mú un jẹ láti inú afẹ́fẹ́. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀ ayé àtijọ́ fi ń da ìgbẹ́ ẹran sí ilẹ̀ tí ó bá ti ṣá.

Ní ọdún 1909, Fritz Haber, ará Jámánì, rí ọgbọ́n tí a fi lè sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di amóníà. Nígbà tí ó di 1913, Carl Bosch ti ń fi ẹ̀rọ ńláńlá ṣe é ní Oppau. Láti inú amóníà yìí ni ajílẹ̀ àtọwọ́dá ti wá. Kò yẹ kí a bú u o: àìmọye ènìyàn ni ì bá máa sùn lébi bí kò bá sí i.

Ṣùgbọ́n àgbàdo kì í jẹ gbogbo ohun tí a bá gbé síwájú rẹ̀ tán. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù a di iyọ̀ kan tí ilẹ̀ kò lè dì mú, òjò a sì wọ́ ọ lọ. Ẹ jẹ́ kí a tọ ipasẹ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní Iowa, níbi tí oko àgbàdo ti lọ salalu, àwọn àgbẹ̀ ri ọ̀pá oníhò mọ́lẹ̀ kí omi má baà dúró nídìí ọ̀gbìn wọn. Ọ̀nà àbùjá ni ọ̀pá wọ̀nyí jẹ́ fún náítírójìn: ó ti inú wọn bọ́ sí odò kéékèèké, títí ó fi dé odò Mississippi, tí ń gba omi láti ìpínlẹ̀ 31 kí ó tó dà á sínú Òkun Mẹ́síkò. Omi ìdọ̀tí ìlú ń kó tirẹ̀ kún un. Èéfín ọkọ̀ ń gbé òmíràn lọ sókè, òjò a sì rọ̀ ọ́ sórí òkun.

Ẹnikẹ́ni lè rò pé májèlé ni ó ń pa ẹja. Rárá o, àjẹjù àwọn ẹlòmíràn ni. Àwọn ewéko wínníwínní tí ń léfòó lójú òkun rí ajílẹ̀ tí a kò dà fún wọn, wọ́n sì gbilẹ̀ bí èpò ìgbà òjò. Bí wọ́n bá kú, wọ́n a rì sí ìsàlẹ̀, àwọn kòkòrò tí ń mú wọn jẹrà a sì mí ọ́síjìn inú omi tán. Nígbà ooru, omi odò tí ó fúyẹ́ a bo omi iyọ̀ tí ó wúwo bí ọmọrí ìkòkò, afẹ́fẹ́ tuntun kò sì ní ráàyè wọlé. Ẹja tí ó lè sá a sá. Ekòló àti àwọn ẹ̀dá mìíràn tí kò lè yára a kú síbẹ̀.

Ní 2017, àwọn onímọ̀ wọn ibi tí ọ́síjìn ti tán báyìí. Ó lé ní 22,700 kìlómítà onígun mẹ́rin. Kò tíì sí èyí tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ láti 1985 tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Bí òjò bá pọ̀ lórí oko wọ̀nyí ní oṣù karùn-ún, ibi òkú náà a máa fẹ̀ sí i ní oṣù keje, àwọn apẹja Louisiana tí ń wá edé a sì tukọ̀ kọjá rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn.