Táyà àti Rííìmù Tí Ó Yẹ Píkọ́ọ̀pù Akẹ́rù Oko



Ẹni tí ó bá dé ọjà Mile 12 ní agbègbè Kòsọ́fẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ yóò rí i pé kì í ṣe àwọn ọkọ̀ ńlá tí ó ti Òkè Ọya wá nìkan ni ó ń já ẹrù níbẹ̀. Láàárín wọn ni píkọ́ọ̀pù kéékèèké wà, èyí tí àwọn àgbẹ̀ ìhà Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Ìpínlẹ̀ Ògùn fi ń kó ẹ̀fọ́, ata àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá. Ẹ wo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ẹrù rẹ̀ a máa ga ju orí awakọ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ a rì wálẹ̀, imú rẹ̀ a gbé sókè bí ẹni tí ń wá oṣù. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì a sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Nípa táyà méjèèjì yìí, àti rííìmù tí ó gbé wọn ró, ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀.

Ní àsìkò òjò kan, mo bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan tí mo máa ń bẹ oko wọn wò rìn lọ sí ọjà náà. Ata rodo àti tòmátì ni wọ́n kó, apẹ̀rẹ̀ 24. Kò tíì tó wákàtí kan tí a gbéra tí táyà ẹ̀yìn apá ọ̀tún fi bẹ́. Ọpẹ́ ni pé awakọ̀ náà jẹ́ àgbà ọkùnrin tí kò tẹ bíréèkì lójijì. Ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú ṣinṣin títí ọkọ̀ fi rọra dúró fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó farapa. Ṣùgbọ́n sípíà tí a gbé sọ̀kalẹ̀ kò ní afẹ́fẹ́ nínú, nígbà tí a ó sì fi rí fọkanáísà, ọ̀sán ti pọ́n. Nígbà tí a dé Mile 12, àwọn alájàpá ti ra ohun tí wọ́n fẹ́ rà, tòmátì tí ó wà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ sì ti ń ṣomi. Owó tí wọ́n rí gbà lọ́jọ́ náà kò tó èyí tí wọ́n fi ra oògùn kòkòrò.

Táyà tí ó bẹ́ yìí kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n rà á. Akápò ẹgbẹ́ náà, obìnrin tí kì í fi owó ẹgbẹ́ ṣeré, wò mí lójú, ó ní: “Ọ̀gá Àgíríìkì, tuntun ni mo rà.” Òótọ́ ni ó sọ. Tuntun ni táyà náà, ṣùgbọ́n táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni.

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ni pé kì í ṣe rọ́bà ni ó ń gbé ẹrù. Afẹ́fẹ́ tí a sé mọ́ inú rẹ̀ ni. Iṣẹ́ rọ́bà, òwú àti wáyà tí ó wà lára táyà ni láti di afẹ́fẹ́ náà mú. Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò lè di afẹ́fẹ́ púpọ̀ mú bí èyí tí a ṣe fún ọkọ̀ akẹ́rù. Bí ẹrù bá pọ̀ jù fún un, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a máa ká, a sì máa nà, nígbàkúùgbà tí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Kíká àti nínà yìí ni ó ń mú ooru wá, ooru náà ni ó sì ń bó rọ́bà kúrò lára wáyà. Ìdí nìyí tí táyà fi sábà máa ń bẹ́ lójú ọ̀nà tí ó tẹ́jú bí ti Èkó sí Ìbàdàn, nígbà tí oòrùn mú tí eré sì pọ̀, tí kì í bẹ́ nínú kòtò ọ̀nà oko tí a ti ń bẹ̀rù rẹ̀.

Báwo ni a ó ṣe mọ èyí tí ó lè gbé ẹrù wa? Ara táyà ni a kọ ọ́ sí. Bí ẹ bá rí 205R16C, lẹ́tà C tí ó kẹ́yìn náà ni ó ń sọ pé ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ni a ṣe é fún. Lára àwọn mìíràn, LT ni wọ́n máa ń kọ. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó rí nọ́ńbà bí 110/108. Ẹ má ṣe kà á sí kílò, àmì ni. 91 dúró fún 615 kílò lórí táyà kan, 95 fún 690, 100 fún 800, 106 fún 950, 110 fún 1,060, 115 fún 1,215, 121 sì fún 1,450. Ní ibi tí nọ́ńbà bá ti jẹ́ méjì, èyí àkọ́kọ́ ni ti táyà tí ó dá dúró, èkejì sì ni ti èyí tí a so ní méjì-méjì bí ti àwọn ọkọ̀ ńlá. Píkọ́ọ̀pù wa kò ní ju ẹyọ kan lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni tiwa.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tí wọ́n máa ń gbé odindi yàrá kékeré, tí ó ní ibùsùn àti ààrò nínú, ka ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, tí wọn a sì máa fi rìnrìn àjò fàájì. Ẹrù wọn kì í rà, wọn kò sì gbé e lọ sí ọjà, ṣùgbọ́n ìṣòro wọn bá tiwa mu: ẹrù gíga tí púpọ̀ rẹ̀ jókòó sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, tí atẹ́gùn sì ń tì sọ́tùn-ún sósì. Àwọn tí ó gbọ́n nínú wọn a máa gbé ọkọ̀ náà lọ sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, wọn a wọn iwájú lọ́tọ̀, wọn a wọn ẹ̀yìn lọ́tọ̀, kí wọ́n tó lọ ra táyà. Mo rò pé ó yẹ kí a kọ́ èyí lára wọn.

A ṣe é. Lẹ́yìn ìjàǹbá ọjọ́ náà, a gbé píkọ́ọ̀pù ẹgbẹ́ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, a sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí a lo òṣùwọ̀n ọkọ̀ wọn. Ní òfìfo, ẹ̀yìn ọkọ̀ náà wọn 760 kílò. Nígbà tí a kó apẹ̀rẹ̀ 24 sí i, tí apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan wọn nǹkan bí 50 kílò, ẹ̀yìn náà di 1,840. Èyí túmọ̀ sí pé 920 kílò ni ó ń jókòó sórí táyà kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà 95 ni ó wà lára táyà tuntun tí akápò rà: 690 kílò. Níbi tí ọkọ̀ ti ń yí kọ́nà tí ẹrù sì fì sí apá kan, táyà apá náà a tún gbé ju 920 lọ. Kì í ṣe àjẹ́ ni ó bẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé táyà líle nìkan ni yóò sọ píkọ́ọ̀pù di tírélà. Ìwé tí ó bá ọkọ̀ náà wá sọ pé kò gbọdọ̀ gbé ju 1,000 kílò lọ, àti ẹrù àti ènìyàn. Bíréèkì, síríńgì àti irin ẹ̀yìn kò mọ̀ pé a pààrọ̀ táyà.

Ọ̀rọ̀ rííìmù ni àwọn ènìyàn kì í fẹ́ gbọ́. Rííìmù náà ní ìwọ̀n ẹrù tirẹ̀, a sì máa ń rí i nígbà mìíràn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí a kò bá rí i, irú èyí tí ó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ ni kí a rà. Rííìmù dídán tí a ṣe fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè ní iye ihò nọ́ọ̀tì kan náà, kí ó sì wọlé wẹ́rẹ́, síbẹ̀ kí ó sán lábẹ́ ẹrù. Àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ wa tún fẹ́ràn rííìmù tí ó yọ síta kọjá ara ọkọ̀. Ó dára lójú, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n bẹ́ríǹ ni ó ń jẹ ìyà rẹ̀. Ẹ má ṣe ra èyí tí a ti jó pọ̀, tàbí tí ihò nọ́ọ̀tì rẹ̀ ti fẹ̀. Ẹ ṣọ́ nọ́ọ̀tì pẹ̀lú: òmíràn ní orí ṣóńṣó, òmíràn ní orí pẹlẹbẹ, èyí tí ó bá ihò rííìmù mu ni kí a lò. Nígbà tí ẹ bá ti rin nǹkan bí 80 kìlómítà lẹ́yìn tí a so ẹsẹ̀ ọkọ̀, kí ẹ dúró kí ẹ tún wọn fún.

Nípa ibi tí a ti ń rà á: nígbà kan, Dunlop ń ṣe táyà ní Ìkẹjà, Michelin sì ń ṣe é ní Port Harcourt, pẹ̀lú rọ́bà tí a kọ nínú igbó wa níhìn-ín. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2007, Dunlop sì dá táyà ṣíṣe dúró ní 2008. Láti ìgbà náà ni òkun ti di ọ̀nà tí púpọ̀ nínú táyà wa ń gbà wọlé, tuntun àti tòkunbọ̀ pọ̀. Láti Kétu àti Ìkòsì títí dé ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, ẹ ó rí tòkunbọ̀ tí ó wà ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ, tí wọ́n ti fi nǹkan dúdú kùn títí ó fi ń dán. Òfin aṣọ́bodè ka irú táyà àlòkù bẹ́ẹ̀ mọ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ kó wọ ìlú. Àwọn oníṣòwò kan a sì máa rọ táyà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú ara wọn kí ó lè gba àyè díẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Wáyà etí wọn a sì ti wọ́ kí wọ́n tó dé. Ojú kò lè rí i.

Ohun tí ojú lè rí ni ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ DOT lára táyà. 3522 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 35 nínú ọdún 2022 ni a ṣe é. Ọdún mẹ́rin ni àjọ tí ń rí sí òṣùwọ̀n ọjà, tí a mọ̀ sí SON, fi ṣe gbèdéke. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó náà a sì máa dá ọkọ̀ dúró nítorí táyà tí ó ti lo àkókò rẹ̀ kọjá. Táyà tí ó jókòó sí ìsọ̀ fún ọdún mẹ́ta kì í ṣe tuntun, bí eyín rẹ̀ tilẹ̀ pé. Bí ẹgbẹ́ yín bá ní ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ da owó pọ̀, ẹ lọ sọ́dọ̀ aṣojú tí ó mọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é, kí ẹ sì gba ìwé owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ku afẹ́fẹ́. Púpọ̀ nínú táyà C tí a kọ 8PR sí lára ni ó ń béèrè 65 lórí géèjì kí ó tó lè gbé gbogbo ìwọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n 32 tàbí 35 tí fọkanáísà máa ń fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni yóò fún tiyín bí ẹ kò bá sọ̀rọ̀. Iye tí ó yẹ fún òfìfo àti fún ẹrù wà lára ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn rárá, ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Bí táyà bá ti gbóná, ẹ má ṣe tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ìwọ̀n náà bá máa kọjá 65, ẹ ní kí wọ́n fi fáàfù irin sí i, nítorí fáàfù rọ́bà lásán kì í gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má sì gbàgbé sípíà.

Ẹgbẹ́ tí mo sọ nípa rẹ̀ ra táyà mẹ́rin oní-110 àti rííìmù irin méjì fún ẹ̀yìn. Apẹ̀rẹ̀ 16 ni wọ́n ń kó nísinsìnyí pẹ̀lú ènìyàn mẹ́ta. Akápò ni ó ń fi géèjì wọn táyà fúnra rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, ó sì ń kùn síbẹ̀ nípa mẹ́jọ tí ó ń kù sílẹ̀.