Kọ̀ǹpútà tí kò ju káàdì ATM lọ, fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ohùn

Ìṣẹ́jú 41 ni màmá àgbà kan ti fi bá mi sọ̀rọ̀ kí iná tó lọ. Mo ti kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí wọ́n pè fún àpilẹ̀kọ mi sílẹ̀: igbá, igba, ìgbà, ìgbá, igbà. Wọ́n ti pè wọ́n tán ní ẹ̀ẹ̀mẹta-mẹ́ta, wọ́n sì ti wọ inú ìtàn bí bàbá wọn ṣe ń fi igbà gun ọ̀pẹ, èyí tí mi ò tilẹ̀ bèèrè. Lójijì, ilé ṣókùnkùn, kọ̀ǹpútà kékeré tó wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn náà kú. Nígbà tí iná dé, fáìlì náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sọ pé gígùn òun ju wákàtí 6 lọ, áàpù tí mo kọ́kọ́ fi ṣí i sì kọ̀ jálẹ̀. Màmá wo ojú mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ó ti bàjẹ́ ni?" Mo ní, "Rárá o, màmá, ó wà níbẹ̀." Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni mo sọ tàbí irọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti bi mí pé kí ni mò ń fi pátákó tí wáyà wà lára rẹ̀ yẹn ṣe. Raspberry Pi 4 ni. Ọjọ́ 29 oṣù Èrèlé ọdún 2012 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde fún títà, ní dọ́là 35. Ohun tí Eben Upton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge fẹ́ ni kí àwọn ọmọdé ní kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n lè fi kọ́ bí a ṣe ń kọ kóòdù. Linux ló ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, mẹ́mórì káàdì bíi ti fóònù sì ni ó ń lò dípò hard disk.

Kí ló dé tí mi ò kàn lo fóònù? Fóònù lè gba ohùn sílẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fóònù máa ń fún ohùn náà pọ̀ kó má baà gba àyè, wọ́n sì máa ń gbìyànjú láti pa ariwo tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ́ láìbi wa. Ẹni bá fẹ́ wọn ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan ohùn náà ṣáájú òun. Láàpútọ́ọ̀bù ńkọ́? Fáànù tèmi ń pariwo bíi ẹ̀rọ ìlọta. Pi 4 kò ní fáànù, àyàfi tí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín so ó mọ́ ọn. Kò sì sẹ́ni tó máa pè é láàárín ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Ihò róbótó tó wà lára rẹ̀, èyí tí ẹnu earpiece ń wọ̀, ohùn ń jáde níbẹ̀ ni, kò sí èyí tó ń wọlé. Máìkì tó ní ẹnu USB ni kí ẹ rà. Mo ti kọ́kọ́ ra èyí tí kò wúlò, ó ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Tí máìkì bá ti wọlé, ìlà kan ṣoṣo ló kù:

arecord -D plughw:1,0 -f S16_LE -r 44100 -c 1 mama.wav

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ẹ̀rọ gba ohùn láti inú máìkì, kó wọ̀n ọ́n ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kó sì fi í sínú fáìlì WAV láìfún un pọ̀. Nọ́ńbà 1 yẹn lè yàtọ̀ lórí ẹ̀rọ tiyín. Ẹ tẹ arecord -l láti mọ èyí tí máìkì yín ń jẹ́. Ìṣẹ́jú kan yóò gba nǹkan bíi 5.3 MB, wákàtí kan kò sì tó 320 MB.

Ibi tí wàhálà mi ti wá nìyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì WAV, àyè kan wà tí a ń kọ gígùn ohùn inú rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀, ta ló mọ ìgbà tí màmá máa parí ìtàn? Nítorí náà, arecord á kọ nọ́ńbà ńlá kan síbẹ̀ ná, á wá padà ṣàtúnṣe rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ní kó dúró. Tí iná bá lọ, kò ráyè padà. Ohùn wà nínú fáìlì, àkọlé rẹ̀ ló ń parọ́. Áàpù kan tó ń jẹ́ SoX, ọ̀fẹ́ ni, lè gbàgbé àkọlé náà kó sì ka ohun tó wà nílẹ̀:

sox --ignore-length mama.wav mama2.wav

Nǹkan bí aago kan òru ni mo tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ màmá jáde, igbà ọ̀pẹ àti gbogbo rẹ̀. Ìwọ̀nba ìparí ló sọnù, nítorí Linux máa ń kó ohun tó fẹ́ kọ sílẹ̀ dúró díẹ̀, ó lè tó 30 ìṣẹ́jú-àáyá, kó tó gbé e sórí káàdì.

Mo ti ríre o, nítorí pé iná tó lọ lójijì lè ba gbogbo káàdì jẹ́. Láti ìgbà náà, páwà báǹkì ni mò ń lò. Fólìtì 5 ni Pi 4 fẹ́, pẹ̀lú agbára tó tó 3A. Ẹ dán páwà báǹkì yín wò nílé kí ẹ tó jáde, nítorí àwọn kan máa ń já fún ìṣẹ́jú-àáyá kan nígbà tí ẹ bá ki ṣájà bọ̀ wọ́n tàbí yọ ọ́. Mo tún ń fi --max-file-time 300 sínú àṣẹ yẹn, kí ó máa bẹ̀rẹ̀ fáìlì tuntun ní gbogbo ìṣẹ́jú 5. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ìyókù ti parí, àkọlé wọn sì péye.

Pi 4 kò ní bátìrì aago. Níbi tí kò bá ti sí íntánẹ́ẹ̀tì, déètì tó bá wù ú ló máa kọ sára fáìlì. Mo máa ń fi ẹnu sọ déètì àti ibi tí a wà ní ìbẹ̀rẹ̀, ó tán.

Praat ni mo fi ń wo ìgbéròkè àti ìgbérosílẹ̀ ohùn. Paul Boersma àti David Weenink ní Yunifásítì Amsterdam ló ṣe é, ẹ sì lè fi sudo apt install praat gbé e wọlé. Ìdí tí mo fi yan igbá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni pé /gb/ jẹ́ ìró akùnyùn, ìlà ohùn kì í sábà já láàárín ọ̀rọ̀. Ẹ fi ọkọ́, ọkọ àti ọkọ̀ dán an wò, ẹ óò rí àlàfo níbi tí /k/ wà.

Ọ̀rọ̀ ọkọ́ yìí náà ló tún fún mi níṣẹ́ lọ́jọ́ mìíràn. Mo wá a nínú àkọsílẹ̀ mi, kọ̀ǹpútà ní kò sí, bẹ́ẹ̀ mo ń fi ojú mi rí i. Nínú Unicode, ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ́. A lè fi àmì ohùn sórí ọ, a lè fi àmì abẹ́ sábẹ́ ó, a sì lè kó o, àmì abẹ́ àti àmì ohùn jọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bákan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí lójú, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sí kọ̀ǹpútà. Fóònù mi ti kọ ọ̀kan, láàpútọ́ọ̀bù ti kọ òmíràn. Ìlà mẹ́ta nínú Python, pẹ̀lú unicodedata.normalize àti "NFC", ló sọ gbogbo wọn di ọ̀kan. Ẹ ṣe é kí ẹ tó ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan fara hàn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èsì tí ẹ máa gbé fún ọ̀gá yín kò ní péye.

Kíbọọ̀dù Yorùbá wà nínú Linux tẹ́lẹ̀. Ẹ wo /usr/share/X11/xkb/symbols/ng, ẹ óò bá Haúsá, Igbo àti Yorùbá nínú fáìlì kan náà. Ọ̀rọ̀ lásán tí èèyàn lè kà ni, ẹni tí kò bá fẹ́ràn ibi tí wọ́n fi lẹ́tà kan sí lè gbé e síbòmíràn.

Ẹ̀rọ náà máa wà lọ́dọ̀ mi títí ìdánwò yóò fi parí. Ẹni tó bá fẹ́ yá a lọ gba ohùn sílẹ̀, kó mú mẹ́mórì káàdì tirẹ̀ wá.